Íńtánẹ́ẹ̀tì ń wọ́ nílé: ráútà ni àbí wáyà?

Ọmọ Manchester: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Íńtánẹ́ẹ̀tì mẹ́gábíìtì 67 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n tà fún mi, 19 ni mò ń rí. Mo ra ráútà tuntun, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, ibi pẹlẹbẹ náà ló tún fi lélẹ̀. Ṣé kí n wá èyí tó lágbára jù ú lọ ni?

Ẹ̀gbọ́n Leeds: Àbúrò, má náwó mọ́. Jáde sí títì, wàá rí àpótí onírin aláwọ̀ ewé kan. Ibẹ̀ ni fáíbà, wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì, parí sí. Láti ibẹ̀ dé ilé rẹ, wáyà bàbà tí wọ́n rì nítorí tẹlifóònù ni. Ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí lè rí 80, ẹni tó fi kìlómítà kan jìnnà sí i kò ní rí ìdajì ìyẹn. Àdúgbò mìíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ alumíníọ̀mù ni wọ́n lò láyé 1970, nígbà tí bàbà wọ́n. Ráútà wo ló fẹ́ wo ìyẹn sàn? Fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, kí o tún un wọ̀n.

Ìyá Ìbejì, Jámánì: Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Lọ́dún 1981, ìjọba Helmut Schmidt, olórí ìjọba wa nígbà náà, ti fẹ́ na fáíbà káàkiri. Helmut Kohl gba ipò rẹ̀, ó ní wáyà bàbà ti tẹlifíṣọ̀n ló kàn. Títí dòní a ṣì ń jẹ gbèsè ẹ̀! Ṣùgbọ́n láti December 2021, òfin gbà wá láyè láti dín owó tí à ń san kù bí íńtánẹ́ẹ̀tì kò bá yára tó bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Àpù Bundesnetzagentur, àjọ ìjọba tó ń bójú tó tẹlifóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì, ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: ìgbà 30, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Wi-Fi kò sì wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, mo gbé láptọ́ọ̀pù lé páálí bàtà.

Bùọ̀dá Madrid: Èmi ò mọ ìyà yẹn o. Níbí, wọ́n mú ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá ní dandan kó jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù na fáíbà tiwọn gba inú ihò abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Fáíbà wọ inú ilé àtijọ́ tí mò ń gbé pẹ̀lú.

Ọmọ Manchester: Mo ti wọ̀n ọ́n pẹ̀lú wáyà. 21.

Ẹ̀gbọ́n Leeds: O ò rí i? Wo ìyára tó kéré jù tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn rẹ. Bí ilé-iṣẹ́ rẹ bá tẹ̀ lé ìlànà Ofcom, àjọ tó ń bójú tó irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 30 ni wọ́n ní láti fi tún un ṣe. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, o lè kúrò láìsan kọ́bọ̀.

Ọmọ Manchester: Mo ti pè wọ́n, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun gan-an. Ta ló fẹ́ ra ráútà?