Losartan nínú ọpọlọ eku SHR

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí losartan (oògùn tó ń dènà angiotensin II, èròjà ara tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, tó sì ń fa òùngbẹ) tí mo fún eku SHR (irú eku tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ru fúnra rẹ̀) sínú ọpọlọ bá mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọpọlọ ló ti ṣiṣẹ́?

— Ẹ kọ́kọ́ yẹ ọ̀pá tín-ín-rín tí ẹ fi ń fún oògùn sínú ọpọlọ wò: ẹ fi angiotensin II, 100 ng nínú omi iyọ̀ 2 µL, gba inú rẹ̀. Bó bá dé ihò ọpọlọ, eku á sáré mumi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí kò bá mu, ẹ yọ ọ́. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn losartan o, òùngbẹ ò ní gbẹ wọ́n.

— Ẹ fún àwọn eku mìíràn ní ìwọ̀n losartan kan náà gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí tiwọn náà bá wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èyí tí ẹ fún sínú ọpọlọ jò sínú ẹ̀jẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́.

— Ọjọ́ orí wọn ńkọ́? Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àrùn lẹ fẹ́ rí, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni. Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ àgbà eku SHR ti nípọn.