Àwòrán sátẹ́láìtì wo ni kí n fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi lórí oko Kétu?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì, mo kí yín. Ọmọ Kétu ni mí, mo ń kàwé gboyè másítà, iṣẹ́ ìwádìí mi sì dá lórí bí oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ṣe ń gba ilẹ̀ igbó ní agbègbè wa.

Àwòrán Landsat, ìyẹn àwọn sátẹ́láìtì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni mo kọ́kọ́ fẹ́ lò, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ti Landsat 5 sì ti wà láti ọdún 1984. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan nínú àwòrán náà dúró fún ilẹ̀ tó tó mítà 30 níbùú lóòró, bẹ́ẹ̀ oko àwọn bàbá wa kéré, igi sì pọ̀ láàárín wọn. Sentinel-2, sátẹ́láìtì ti Yúróòpù, ríran jù ú lọ, mítà 10 ni tirẹ̀, àmọ́ ọdún 2015 ló bẹ̀rẹ̀, ìtàn ọjọ́ pípẹ́ ló sì wù mí jù.

Mo ti gbé méjèèjì yẹ̀ wò nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí máàpù. Ìkùukùu máa ń bo ilẹ̀ lásìkò òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, ibi tí iná jó máa ń jọ oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n yan èyí tí mo bá lè gbèjà rẹ̀, ìmọ̀ràn tó dára, ṣùgbọ́n tí kò tíì tán ìṣòro mi.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n fara mọ́ Landsat fún gbogbo ọdún wọ̀nyí ni, àbí kí n fi Sentinel-2 ṣe iṣẹ́ náà láti 2015 nìkan? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dá mi lóhùn.