Omi kànga ti ń níyọ̀ lẹ́ẹ̀rùn yìí, ìgbín inú táǹkì mi ò jáde mọ́

Adé_Ajárá (Àgbádárìgì):
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o. Mo ní táǹkì gíláàsì kan ní pálọ̀, bíi lítà 40, gọ́pì, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ yẹn, ló pọ̀ jù níbẹ̀, mo wá kó ìgbín omi sí i, mystery snail mẹ́rin, àwọn aláwọ̀ yẹ́lò yẹn, pẹ̀lú nerite méjì tó nílà dúdú dúdú lẹ́yìn. Gbogbo àsìkò òjò ara wọn dá ṣáṣá. Àfi bí òjò ṣe dá tí ọyẹ́ wọlé, omi kànga wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ lẹ́nu, kì í ṣe iyọ̀ ràbàtà o, ṣùgbọ́n téèyàn bá fi yọ ẹnu á mọ̀, màmá mi gan-an ti dín iyọ̀ tí wọ́n ń fi sọ́bẹ̀ kù.

Méjì nínú àwọn mystery yẹn ti wọnú ìkarahun lọ, wọ́n fi ọmọrí dé ẹnu pinpin, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sùn sí. Àwọn méjì tó kù ò yéé gun gíláàsì, wọ́n á gun ún títí wọ́n á fi yọ sórí omi, wọ́n ṣáà fẹ́ jáde. Èyí tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn nerite ń rìn kiri, wọ́n ń ha nǹkan aláwọ̀ ewé ara gíláàsì jẹ ní tiwọn bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, gọ́pì náà ń sáré kiri. Omi ò rùn, mi ò lo oògùn kankan.

Àbúrò bàbá mi tó ń sin ẹja àrọ̀ ní kí n bu iyọ̀ sí i, pé kò sárùn ẹja tí iyọ̀ ò lè wò. Ẹlòmíì ní kálísíọ́mù ni wọn ò rí jẹ. Ìkarahun wọn ń dán ṣá o, kò níhò. Omi máa ń fà nínú táǹkì yẹn gan-an pẹ̀lú ọyẹ́ yìí, tó bá ti fà mo kàn máa ń bu omi kànga lé e. Ta ló tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì?

Ẹlẹ́ja_Ìgbógbó (Ìkòròdú):
Adé, má bu iyọ̀ kankan síbẹ̀ o, mo bẹ̀ ẹ́! Àbúrò bàbá ẹ ò parọ́, èmi náà ń sin àrọ̀, tí kòkòrò bá ń da ẹja láàmú lára a máa ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, kòkòrò yẹn ló máa kọ́kọ́ kú kí ẹja tó mọ̀ ọ́n lára. Ìgbín ò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbín tí wọ́n bí sínú omi dídùn, omi ara ẹ̀ níyọ̀ ju omi tó ń gbé lọ, torí ẹ̀ omi ń wọ ara ẹ̀ ṣáá ni, iṣẹ́ tí ara ẹ̀ sì mọ̀ ọ́n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé ẹ̀ ni kó máa tu èyí tó pọ̀ jù dànù. Tí omi ìta bá wá ń níyọ̀ sí i, iṣẹ́ yẹn á dojú rú, tó bá wá ju tinú ara ẹ̀ lọ omi á máa fà jáde lára ẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tọ́mọdé bá da iyọ̀ lé ìgbín ilẹ̀, bó ṣe máa ń hó yẹn. Tinú omi ò ní hó ní tiẹ̀, ó kàn máa tilẹ̀kùn mọ́rí ni, èyí tó bá lágbára á máa wọ́nà àtisá.

Gbólóhùn tó o sọ kẹ́yìn yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Omi ló ń gbẹ o, iyọ̀ kì í bá a gbẹ! Bó o ṣe ń bu omi kànga lé e yẹn, iyọ̀ tuntun lò ń kó lé ti tẹ́lẹ̀, tí ọyẹ́ bá tún fa omi, iyọ̀ náà á jókòó síbẹ̀, o tún bu òmíì lé e. Mo lè fi nǹkan búra pé omi inú táǹkì ẹ ti níyọ̀ ju kànga lọ dáadáa báyìí.

Ohun tó jẹ́ kó dá mi lójú ni nerite àti gọ́pì tó ń jayé yẹn. Gọ́pì ò kọ iyọ̀. Nerite ní tiẹ̀, ibi tí odò ti ń pàdé òkun ni ìran ẹ̀ ti wá, ẹyin ẹ̀ gan-an ò lè di ọmọ nínú omi dídùn lásán, ìdí nìyẹn tí àwọn tóótòòtó funfun tó ń yé sára gíláàsì kì í fi í di nǹkan kan (ó sì le láti ha dànù bí kíní, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíì nìyẹn). Mystery ni ará omi dídùn gidi, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ká ní omi ló bàjẹ́, tàbí ká ní ẹnì kan da oògùn tó ní kọ́pà sí i, nerite ò ní máa rìn gbẹ̀fẹ́, torí kọ́pà ò mọ ìgbín kan yàtọ̀ sí ìkejì, gbogbo wọn ló ń pa.

Abẹ́_Ilẹ̀ (Àgbádárìgì):
Bọ́họ̀lù ni mò ń gbẹ́ ládùúgbò yìí, ẹ jẹ́ n dá sí ti kànga yẹn. Iyanrìn la gbé lé, òkun sì wà nítòsí. Omi òjò tó bá wọlẹ̀ ló ń léfòó lórí omi iyọ̀ tó wà nísàlẹ̀, torí omi iyọ̀ ló wúwo jù. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ máa ń lò ni pé tí omi dídùn bá fi mítà 1 ga ju ojú òkun lọ, bíi mítà 40 ló tún wà nísàlẹ̀ ojú òkun kó tó kan iyọ̀. Ẹ wá rò ó, tí omi inú ilẹ̀ bá fi ìdajì mítà péré lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, ibi tí iyọ̀ wà á máa gòkè bọ̀ bíi mítà 20, kì í ṣe lọ́jọ́ kan ṣá o. Gbogbo àdúgbò tún wá ń fi ẹ̀rọ fa omi tọ̀sán tòru, iyọ̀ á máa rú sókè lábẹ́ ẹnu páìpù.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ jìn sí i, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ lọ bá nísàlẹ̀. Ibòmíì wà tí omi dídùn míì wà lábẹ́ amọ̀, ibòmíì owó lẹ máa ná, iyọ̀ lẹ máa bá. Tí òjò bá dé kànga yẹn á padà dùn.

Ìyá_Ìbejì_Ìkd (Ìkòròdú):
Adé ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Tèmi yàtọ̀ sí tìẹ. Omi bọ́họ̀lù tiwa níbí ò níyọ̀ rárá, pH ẹ̀ ló lọ sílẹ̀, ìyẹn ni pé omi náà kan, ó wà ní 5.6 nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, kò sì sí kálísíọ́mù nínú ẹ̀. Ìkarahun àwọn ìgbín mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá láti ṣóńṣó, ó funfun, ó wá ń jẹ wọ inú bí ìgbà tí ikán bá wọ pákó. Ebi kálísíọ́mù nìyẹn. Tìẹ tó ń dán tí kò níhò, ẹni tó ní kálísíọ́mù ni ò rí jẹ ò wo ìkarahun dáadáa.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n máa tó sọ fún ẹ pé kó o lọ lo omi òjò tàbí píọ̀ wọ́tà. Ó dáa, àmọ́ omi òjò ò ní nǹkan kan nínú, tó o bá lo òun nìkan títí, wàá kúrò níbi iyọ̀ wàá wá bọ́ sọ́wọ́ àìsàn tèmi. Iyọ̀ tí ìgbín ò fẹ́ lọ̀tọ̀, kálísíọ́mù tó fi ń mọ ilé ẹ̀ lọ̀tọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kó méjèèjì pọ̀ torí wọ́n gbọ́ pé "omi líle" dáa fún ìgbín. Èèpo ẹyin ni kó o lò, fọ̀ ọ́, sè é, sá a, gún un, dì í sínú ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó o fi há ẹnu fíltà. Àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ náà ní ìkarahun lílọ̀ tí wọ́n ń fi sóúnjẹ adìyẹ tó ń yé, kò wọ́n. Tó bá jẹ́ ìkarahun ìṣáwùrú lo rí, ọ̀sà ni wọ́n ti kó o wá o, rẹ ẹ́ sómi kó o máa yí omi ẹ̀ dáadáa kí iyọ̀ ara ẹ̀ lọ kó tó wọ táǹkì.

Adé_Ajárá:
Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ̀gbọ́n ẹ ṣé. Mo ti yá mítà TDS, èyí tó ń wọn iye míligíráàmù ohun tó yọ́ sínú lítà omi kan, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà. Kànga mú 870. Táǹkì mú 2,140!! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá ti búra. Píọ̀ wọ́tà tiẹ̀ 38 péré ni.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹnì kan sọ fún mi pé omi ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ dùn, ṣé mo lè gbé kẹ́ẹ̀gì lọ pọn níbẹ̀? Àbí kí n kàn da gbogbo omi táǹkì nù lálẹ́ yìí kí n fi píọ̀ wọ́tà kún un, kí n sinmi?

Tíṣà_Kẹ́mísírì (Ẹ̀pẹ́):
Rárá sí méjèèjì.

Ti ọ̀sà lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀sà Lẹ́kí tó wà lápá ìlà oòrùn wa ló dùn látọdún dé ọdún. Ọ̀sà Èkó ni iyọ̀ máa ń wọ̀ lẹ́ẹ̀rùn, torí ẹnu ọ̀nà òkun wà ní Èkó, ibẹ̀ ni ìgbì ti ń tì í wọlé, tí òjò bá wá dé, odò Ògùn àtàwọn odò yòókù á tún tì í padà. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìṣáwùrú inú ẹrọ̀fọ̀ létí ọ̀sà fara da gbogbo yíyí padà yẹn, òun mọ̀ ọ́n ní tiẹ̀, mystery ò lè ṣe é. Ká tiẹ̀ ní omi yẹn dùn bí oyin, kòkòrò àti aràn tó máa bá a wọlé ńkọ́?

Ti mítà. TDS ń ka gbogbo ohun tó yọ́ sómi, kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí kálísíọ́mù. Omi tó kún fún kálísíọ́mù lè mú nọ́ńbà ńlá, kí ìgbín sì máa sanra nínú ẹ̀. Ahọ́n màmá ẹ ló jẹ́rìí níbí, torí ahọ́n èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ iyọ̀ tí chloride, èròjà kan nínú iyọ̀, bá ti kọjá nǹkan bíi míligíráàmù 250 nínú lítà kan. Tó o bá fẹ́ kó dá ẹ lójú, bu omi náà díẹ̀ lọ bá tíṣà kẹ́mísírì ilé ìwé tó wà nítòsí ẹ, kó kán nitric acid díẹ̀ sí i, kó wá kán silver nitrate lé e. Tó bá funfun bí omi ògì lójú ẹsẹ̀, chloride nìyẹn. Wo inú kẹ́tù yín náà, ẹ̀fun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀ ni ti kálísíọ́mù, tí kò bá sí, ọ̀rọ̀ ti parí.

Omi òkun, gíráàmù 35 ni iyọ̀ inú lítà kan. Omi tí a ń pè ní omi dídùn ò gbọ́dọ̀ kọjá ìdajì gíráàmù. Tìẹ ti lé ní gíráàmù 2.

Ìdí tí o ò fi gbọ́dọ̀ yí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni pé ara ìgbín yẹn ti ń gbìyànjú àtibá iyọ̀ yẹn dọ́gba, tó o bá jù ú sínú omi 38 lójijì, omi á ya wọ ara ẹ̀, á wú, wàá fi ìwòsàn pa á. Lítà 4 ni kó o máa yọ lójúmọ́, kó o fi píọ̀ wọ́tà dípò, láàárín ọ̀sẹ̀ kan á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìdajì. Èèpo ẹyin tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn, fi sí i láti ọjọ́ kìíní. Tí omi bá fà, píọ̀ wọ́tà nìkan ni kó o fi kún un, má fi kànga kún un mọ́ títí òjò á fi dé. Wá nǹkan dé orí táǹkì náà, omi ò ní fà tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń gun gíláàsì ò sì ní já bọ́ sí pálọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ìkd:
Àwọn méjì tó sùn sísàlẹ̀ yẹn, mú wọn jáde kó o gbóòórùn wọn. Mystery lè tilẹ̀kùn mọ́rí fún ọjọ́ mélòó kan kó ṣì wà láàyè. Fi ọwọ́ tẹ ọmọrí yẹn jẹ́jẹ́, tó bá fà á mọ́nú, ó wà. Tó bá tú dẹ̀ẹ̀, tí òórùn ẹ̀ sì lé ẹ jáde nílé, gbé e jù kó má ba omi jẹ́ fáwọn yòókù.

Adé_Ajárá:
Mo padà dé o. Mítà ti wà ní 1,310 báyìí, mi ò kánjú. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn ti lọ, ọmọrí ẹ̀ tú, òórùn yẹn, ha! Ìkejì yọ ìwo ẹ̀ jáde lálẹ́ àná, mo fi kùkúńbà síwájú ẹ̀, ó jẹ ẹ́ díẹ̀ ó tún wọlé padà. Àwọn tó ń gun òkè ti sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Ìbejì mi, èèpo ẹyin ti wà nínú fíltà. Omi tí mò ń yọ yìí, bàkẹ́ẹ̀tì kan ti kún, ṣé mo lè máa dà á sídìí ẹ̀fọ́ màmá mi lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní omi ẹja dáa fún ewébẹ̀?

Ẹlẹ́ja_Ìgbógbó:
Omi ẹja tí kò níyọ̀ ló dáa fún ewébẹ̀! Iyọ̀ inú eléyìí á jókòó sínú ilẹ̀ tó gbẹ yẹn, ewé ẹ̀fọ́ á máa jóná létí, wàá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún màmá. Fi fọ ṣáláńgá tàbí kó o dà á sí gọ́tà. Tí mítà bá ti wá sí bíi 500, wá sọ fún wa, ká wá sọ̀rọ̀ lórí bó o ṣe máa gbe omi òjò pa mọ́ fún ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.