Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé mo lè fi kọ̀nténà ṣe ilé, kí n kó kúrò nínú agbo ilé ọkọ mi?

Aránṣọ Àjàṣẹ́
Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí gbogbo yín o. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Agbo ilé ọkọ ni mo wà ní Àjàṣẹ́ níbí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ilé àtijọ́, kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí ńlá. Ó ti sú mi. Bí mo bá gbé ìkòkò kaná, ẹnìkan á ti ṣí i wò kí n tó fi iyọ̀ sí i. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi máa ń ka ike omi tí mo bá pọn nídìí ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tí ìwé owó omi bá dé, orí mi ni wọ́n máa gbé e kà, wọ́n á ní omi ni mo fi ń ránṣọ. Ta ní í fi omi ránṣọ?

Èyí tó wá dùn mí jù: wọ́n kó àpò aṣọ àwọn oníbàárà mi síta láìsọ fún mi, kí wọ́n lè ráyè tẹ́ ẹní fún àlejò wọn. Òjò dé. Léèsì funfun ìyàwó tuntun kan wà nínú rẹ̀, àǹkárá pupa sì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìyókù. Èmi ni mo ra léèsì mìíràn. Ọkọ mi ní kí n fara dà á, pé yàrá yẹn ni bàbá òun kú sí, òun ò ní fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mo wá rí fídíò kan lórí YouTube. Obìnrin Amẹ́ríkà kan ló ń gbé nínú ilé tí kò ju kọ̀nténà lọ. Ibùsùn wà lókè, ilé ìdáná wà nísàlẹ̀, ṣíbí pàápàá ní ibi tí wọ́n ń fi í kọ́. Ilẹ̀kùn kan, kọ́kọ́rọ́ kan. Mo wò ó títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní ilẹ̀ lọ́nà Àjàrá, mo sì fẹ́ gbé kọ̀nténà 20 ẹsẹ̀ bàtà síbẹ̀, kí n gé fèrèsé sí i, kí n máa gbé inú rẹ̀. Ọkọ mi ní ṣé ẹyẹ ni mo fẹ́ di ni, tí mo fẹ́ máa gbé inú àgò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irú ilé bẹ́ẹ̀ lè bá mi mu? Ẹni tó bá ti gbé ilé kékeré rí ni kó dá mi lóhùn o, mi ò fẹ́ ìwàásù.

Ìyá Ìbejì Wándó
Pẹ̀lẹ́ o, ti léèsì yẹn dùn mí dé ọkàn. Mélòó lẹ fẹ́ gbé inú kọ̀nténà náà?

Àǹtí Kútọnú
Mo ti gbé ilé kékeré rí, mo láṣẹ láti sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ń kàwé ní Kàlàfí, èmi àti àbúrò mi la jọ wà nínú entrée-coucher kan, yàrá kan ṣoṣo. Sítóòfù wà lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwé wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kàwé lóru, ẹnìkejì ò ní sùn. Aṣọ tí mo wọ̀ lọ ṣe ìdánwò ẹnu, òórùn ata díndín ló ń ta. Ṣùgbọ́n mo tún gbádùn rẹ̀, torí àwọn ẹbí kì í yà kí wa, kò síbi tí wọ́n máa jókòó sí. Onílé wa ìgbà yẹn, owó oṣù 6 ló gbà ṣáájú. Láti ọdún 2018 òfin ti ní kò gbọdọ̀ ju oṣù 3 lọ, ẹ má gbà kí wọ́n rẹ́ yín jẹ o.

Ìyá Ìbejì Wándó
Àǹtí Kútọnú, ta ló ń bi yín nípa onílé? Obìnrin yìí ní òun ní ilẹ̀. Aránṣọ, mo tún bi yín: ẹ̀yin mélòó?

Mọlémọlé Ṣábẹ
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí fídíò ò sọ fún yín. Kọ̀nténà 20 ẹsẹ̀ bàtà gùn díẹ̀ ju mítà 6 lọ. Bí ẹ bá dúró nínú rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 35. Fífẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ẹni méjì jẹ́ mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 40. Tí ẹ bá gbé e lóròó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, sẹ̀ǹtímítà 95 ló kù fún ẹsẹ̀ yín, ẹ ò sì tíì fi pákó bo irin náà nínú o, pákó náà á tún jẹ nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò ju mítà 14 níbùú lóròó (mètre carré) lọ.

Ti ibùsùn òkè, ẹ gbàgbé rẹ̀. Kọ̀nténà lásán ò ga tó mítà 2 àbọ̀ nínú. Bí ẹ bá pín in sí òkè àti ìsàlẹ̀, ìkúnlẹ̀ lẹ máa fi se ọbẹ̀. Ilé obìnrin Amẹ́ríkà yẹn, orí ọkọ̀ àfàgbé ni wọ́n sábà máa ń kọ́ irú wọn sí láti ìpìlẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé e ga tó nǹkan bí mítà 4 láti ilẹ̀, ibi tí òfin títì wọn gbà dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ráyè fún òkè. Nínú ìwé òfin ilé kíkọ́ tiwọn ti ọdún 2018, ohun tí wọ́n pè ní ilé kékeré lè tó mítà 37 níbùú lóròó. Ìyẹn ju kọ̀nténà yín méjì lọ.

Ooru nìkejì. Irin tó wà nínú oòrùn láti òwúrọ̀, kò sí bí ẹ ṣe máa sùn nínú rẹ̀ nínú oṣù Kejì àti oṣù Kẹta.

Jórinjórin Kútọnú
Ọ̀gá mọlémọlé, bíríkì lẹ fẹ́ tà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Mo ti gé kọ̀nténà fún ẹni tó ń gẹ irun, mo ti gé e fún ẹni tó ń ta oògùn, kò sẹ́ni tó kú.

Mọlémọlé Ṣábẹ
Ọjà ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Bó bá di alẹ́ wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á lọ sùn sílé wọn. Ìwọ ti sùn nínú ọ̀kan rí?

Jórinjórin Kútọnú
Mo ti sùn nínú rẹ̀ dáadáa.

Mọlémọlé Ṣábẹ
Oṣù wo?

Jórinjórin Kútọnú
Oṣù Kẹjọ.

Mọlémọlé Ṣábẹ
Ẹ gbọ́ ná! Oṣù Kẹjọ tí gbogbo wa ń da aṣọ bora.

Alábòójútó
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ ẹlòmíì la wà lórí rẹ̀.

Aránṣọ Àjàṣẹ́
Ẹ ṣé o. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé mélòó, ṣebí ènìyàn kì í ka ọmọ. Èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ mẹ́ta ni. Ọmọbìnrin ni àkọ́bí, ó ti ń lọ sí 14. Àwọn ọmọ ò sí nílé lójú ọ̀sán, ilé ìwé ni wọ́n máa ń wà. Ti ooru, mo lè ra fáànù. Ohun tí ara mi ń fẹ́ ni pé kí n ti ilẹ̀kùn, kí ilẹ̀kùn sì tì.

Nọ́ọ̀sì Pọ̀bẹ̀
Ẹ̀yin 5 nínú yàrá kan, ẹ̀gbọ́n mi? Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé ní bí ènìyàn bá ti ju 3 lọ nínú yàrá kan, ó ti fún jù. Ní ọsibítù la ti ń rí i: bí ọ̀kan bá wúkọ́, gbogbo wọn á wúkọ́ tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin ọdún 14 ńkọ́, níbo ló ti máa pààrọ̀ aṣọ? Obìnrin inú fídíò yẹn, ó dá mi lójú pé òun nìkan ni.

Àǹtí Kútọnú
Òun àti ajá rẹ̀ ni. Èmi náà ti wo fídíò yẹn.

Bàbá Kétu
Ọmọ mi, mo kí ọ. Àgbà ni mí, nínú agbo ilé ni wọ́n bí mi sí ní Kétu, lójú ọ̀nà Àkàbà Ìdènà. Yàrá ìyá mi kò tó kọ̀nténà tí ẹ ń sọ yìí. Ó ṣókùnkùn, fèrèsé rẹ̀ ò ju ìwé àjákọ lọ. Ọmọ méje ló tọ́ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní àyè ò gba òun, torí a kì í gbé inú yàrá. A kàn ń sùn síbẹ̀ ni, àpótí aṣọ sì wà níbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti ń jẹun, àgbàlá la ti ń dáná, abẹ́ igi la ti ń gba àlejò. Ohun tí òyìnbó kó sínú àpótí kan, àgbàlá làwa tẹ́ ẹ sí. Nítorí náà, má bi wá bóyá yàrá kékeré lè gbà ọ́. Sọ bí ilẹ̀ rẹ ṣe tó fún wa, àti ohun tó máa wà níta ilẹ̀kùn yẹn.

Aránṣọ Àjàṣẹ́
Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ìlàjì parcelle (plọ́ọ̀tì) ni, mítà 250 níbùú lóròó. Igi ọsàn kan wà níbẹ̀.

Mo gbàgbé láti sọ pé ẹ̀rọ ìránṣọ mi mẹ́ta náà máa wà nínú ilé, torí ṣọ́ọ̀bù ti wọ́n jù. Àwọn ọmọṣẹ́ méjì náà á máa wá lójoojúmọ́.

Ìyá Ìbejì Wándó
O GBÀGBÉ? Ẹ̀rọ mẹ́ta, ọmọṣẹ́ méjì, tọkọtaya, ọmọ mẹ́ta, nínú mítà 14! Ìwọ tó ń sá fún èrò, o fẹ́ kó èrò ọ̀hún bá ara rẹ lọ.

Mọlémọlé Ṣábẹ
Bí ilẹ̀ bá tó 250, inú mi dùn. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe máa ṣe é. Ilẹ̀ pupa wà káàkiri lọ́nà Àjàrá yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní terre de barre. Ẹ fi ṣe bíríkì, ẹ pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀. Ògiri rẹ̀ máa ń tutù ju sìmẹ́ǹtì lásán lọ. Yàrá méjì tí wọ́n kọjú síra, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ dáadáa wà láàárín wọn, páànù kan bo gbogbo rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni ẹ̀rọ yín máa wà. Ilé ìdáná lọ́tọ̀, ilé ìgbẹ́ lẹ́yìn, kó jìnnà sí kànga. Ẹ kọ́ yàrá kan ṣáájú, ẹ fi irin ìpìlẹ̀ èkejì sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé kọ̀nténà lọkàn yín fẹ́ dandan, ẹ gbé páànù mìíràn lé orí rẹ̀, kí àyè wà láàárín méjèèjì tí atẹ́gùn á máa gbà kọjá, kí ẹ sì gé fèrèsé tó kọjú síra. Ẹ fi í ṣe ibi iṣẹ́. Ẹ má sùn nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun síbẹ̀ ṣá, ẹ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní mérì, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀ náà?

Jórinjórin Kútọnú
Ibi iṣẹ́, mo gbà. Èmi náà ò sọ pé kí wọ́n sùn níbẹ̀.

Mọlémọlé Ṣábẹ
Hẹn-ẹn.

Nọ́ọ̀sì Pọ̀bẹ̀
Ọkọ wọn ńkọ́? Ṣé ó máa bá wọn kó lọ? Wọn ò sọ.

Aránṣọ Àjàṣẹ́
Ọ̀gá mọlémọlé, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Yàrá méjì pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wù mí, ẹ bá mi ṣírò iye bíríkì rẹ̀. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀ o.

Ti ìwé, kò sí wàhálà níbẹ̀. Owó àjọ mi ni mo fi ra ilẹ̀ náà, èmi nìkan, ọkọ mi ò fi kọ́bọ̀ sí i. Convention, ìwé àdéhùn tí wọ́n kọ nígbà tí mo ra ilẹ̀, wà. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló wà lórí rẹ̀, torí òun ló mọ ẹni tó tà á, òun ló sì lọ sọ́dọ̀ wọn. Ó ní kò dáa kí orúkọ obìnrin wà lórí rẹ̀, pé wọ́n á gbówó lé e. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìwé náà wà, nínú àpótí ìyàwó wọn.

Ìyá Ìbejì Wándó
Ìyàwó wo? Èyí tó ń ka omi?

Aránṣọ Àjàṣẹ́
Òun náà ni.

Àǹtí Kútọnú
Yéè!

Bàbá Kétu
Háà, ọmọ mi.

Mọlémọlé Ṣábẹ
Mi ò ní ṣírò bíríkì kankan. Ẹ jẹ́ ká fi ilé sílẹ̀ ná.

Aránṣọ Àjàṣẹ́
Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni mí o. Nígbà tí mo ra ilẹ̀, àárín wa dán. Àwọn ló gbé mi lọ sí ọsibítù nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìyàwó wọn ló le. Bí mo bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé báyìí, wọ́n á ní mo fẹ́ tú ẹbí ká.

Ìyá Ìbejì Wándó
Bí wọn kò bá burú, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Àbí? Ilẹ̀ èmi náà, bí wọ́n ṣe

Ìyá Ìbejì Wándó
Ẹ má bínú, ọmọ tẹ fóònù. Ilẹ̀ èmi náà, bẹ́ẹ̀ la ṣe wà títí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ fi kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ̀ mí rí. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ jù.

Akọ̀wé Sákétè
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ránṣọ, irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Òfin ẹbí ọdún 2004 kò dí obìnrin lọ́wọ́ láti ní ilẹ̀. Bí tọkọtaya kò bá yan nǹkan mìíràn nígbà ìgbéyàwó, ohun tí oníkálukú rà, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìwé ló ń sọ ẹni tó rà á. Convention lásán kò sì tíì tó. Nínú òfin ilẹ̀ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, titre foncier, ìwé ẹ̀rí onílẹ̀, ló ń fi ìdí ilẹ̀ múlẹ̀ pé tẹni báyìí ni, ANDF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ló sì ń ṣe é. Bí ẹ bá kọ́lé sórí ilẹ̀ yẹn lónìí, orí ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín lẹ kọ́ ọ sí.

Ẹ má bá wọn jà. Ẹ wá ìwé àjọ yín tó fi ọjọ́ tí ẹ gba owó hàn. Ẹ wá ẹni tó ta ilẹ̀ náà, bó bá ṣì wà láyé, àti àwọn tó ṣe ẹlẹ́rìí. Kí àgbà kan jókòó pẹ̀lú yín, kí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín fọwọ́ sí ìwé tuntun pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Bí ẹ bá lè san owó notaire, amòfin tó ń fi òǹtẹ̀ ìjọba sí ìwé àdéhùn, iwájú rẹ̀ ló dáa jù.

Bàbá Kétu
Ọkọ rẹ ni kó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwọ. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Pọ̀bẹ̀
Bàbá, ọkọ tí kò fẹ́ kó kúrò nílé bàbá rẹ̀? Ó ṣeé ṣe kó dùn mọ́ ọn pé ìwé wà níbẹ̀.

Bàbá Kétu
Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ ọkùnrin náà.

Nọ́ọ̀sì Pọ̀bẹ̀
Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n, Bàbá, ẹ má bínú.

Aránṣọ Àjàṣẹ́
Ọkọ mi ò mọ̀ pé orúkọ ẹ̀gbọ́n òun ló wà níbẹ̀. Orúkọ mi ló rò pé ó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ní kí n má tíì sọ fún un.

Àǹtí Kútọnú
Ẹ lọ sọ fún ọkọ yín. Lálẹ́ òní.

Akọ̀wé Sákétè
Ẹ sọ fún un, kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó tà á ńkọ́, ṣé ó wà láyé?

Aránṣọ Àjàṣẹ́
Ó wà, ọjà Àjàrá ni mo ti máa ń rí i. Ọkọ mi ti dé, ẹ jẹ́ kí n lọ. N óò padà wá sọ fún yín.

Jórinjórin Kútọnú
Àǹtí, tí ẹ bá parí ti ìwé, kọ̀nténà kan wà nílẹ̀ tí kò tíì dógùn-ún. Ti ibi iṣẹ́ o.

Alábòójútó
Jórinjórin, a kì í polówó ọjà níbí.