Wáyà eyín: ọmọ mi pé ọdún 9, èmi pé 41. Ta ló yẹ kó lọ?

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Eyín òkè ọmọ mi obìnrin yọ síwájú débi pé ètè rẹ̀ kì í pàdé tó bá sùn. Ó mu ìka títí ó fi pé ọdún 6. Ìyá ọkọ mi ní kí n jẹ́ kó pààrọ̀ eyín tán ná. Èmi fúnra mi, láti kékeré ni eyín ìsàlẹ̀ mi ti ń gun ara wọn. Ṣé wáyà tí wọ́n fi ń to eyín ṣì lè ràn mí lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ má dúró, ìyá mi. Àwọn dókítà tó ń to eyín ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n ti yẹ ọmọ wò tó bá fi máa pé ọdún 7. Kì í ṣe pé wọ́n á fi wáyà sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn, wọ́n á kàn máa ṣọ́ ọ ni. Àmọ́ bí àgbọ̀n òkè bá há, ó ṣì rọrùn láti fẹ̀ ẹ́ báyìí. Tó bá bàlágà tán, egungun ibẹ̀ á ti so pọ̀. Eyín tó yọ síwájú sì tètè ń kán bí ọmọ bá ṣubú. UCH ní ẹ̀ka eyín, ẹ gbé e lọ.

Àbúrò yín, Èkó: Àǹtí, kò tíì bọ́ o! Ọdún 38 ni mo ṣe tèmi. Erìgì mi ń ṣẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, torí egungun tó di eyín mú ni wáyà ń bá ṣiṣẹ́: ibi tí eyín ń tì, egungun á yọ́, ibi tó ti kúrò, òmíràn á hù. Oṣù 22 ló gbà mí. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú wáyà náà le sí i, àmàlà àti ewédú nìkan ni mo lè gbé mì. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, wọ́n fún mi ní ike tí n ó máa fi sẹ́nu sùn, kí eyín má bàa padà. Mo pa á tì sínú dúrọ́ọ̀ fún oṣù 4, eyín kan sì ti padà wọ́. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe dókítà eyín so rọ́bà mọ́ eyín ọmọ náà láti fi tò ó o. Rọ́bà a máa yọ́ wọ abẹ́ erìgì, á ba egungun jẹ́, eyín tó le koko á sì yọ dànù.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta: Ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́ Ajé ni àwa méjèèjì ń lọ. Ó ku ọ̀kan: ọmọ náà ní èjí, bàbá rẹ̀ ò sì fẹ́ kí wọ́n dí i. Èjí ìyá ọkọ mi ni.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè to ìyókù kí wọ́n fi èjí sílẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún 9 ni. Ó lè dí fúnra rẹ̀ nígbà tí eyín ṣóńṣó ẹ̀gbẹ́ bá yọ, ní nǹkan bí ọdún 11 sí 12.