Kí ló dé tí wọ́n fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kún ti àtọ̀gbẹ fún bàbá mi?

Àbíkẹ́ Ọ̀yọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹni ọdún 63 ni bàbá mi, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ. Nígbà tí a lọ sí ọsibítù láìpẹ́ yìí, ìfúnpá wọn jẹ́ 136 lórí 82, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀. Dókítà wá kọ ramipril fún wọn, ó ní yóò dáàbò bo ọkàn wọn. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti pé ẹni tó bá ti fẹnu kan oògùn yẹn kò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ṣé ó wúlò fún wọn lóòótọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Àbíkẹ́, dókítà yín mọ ohun tó ń ṣe. Àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ wà lára ohun tó ń pa àwọn alátọ̀gbẹ jù. Ara wa a máa pèsè èròjà kan tó ń jẹ́ angiotensin, tó ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, tó sì ń mú kí ògiri òpó náà àti iṣan ọkàn nípọn bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ramipril ni kì í jẹ́ kí èròjà yìí pọ̀ lára. Kíndìnrín náà ń jẹ nínú àǹfààní rẹ̀, nítorí purotéènì tó ń jò sínú ìtọ̀ a dínkù. Ní ti pé wọn kò ní lè fi í sílẹ̀, oògùn náà kì í di bárakú. Àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lò ó ni kì í tètè lọ.

Apòògùn Abẹ́òkúta:
Mo fẹ́ fi kún un. Ìwádìí HOPE, tí Salim Yusuf ti Yunifásítì McMaster ní Kánádà ṣáájú, gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2000. Alátọ̀gbẹ 3,577 ló wà nínú rẹ̀, ẹni ọdún 55 sókè, tí wọ́n sì tún ní nǹkan mìíràn tó lè kó bá ọkàn, irú bí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ bíi ti bàbá yín. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́rin àbọ̀, nínú 100 ẹni tí wọn kò fún ní ojúlówó oògùn náà, nǹkan bí 20 ni ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ mú, tàbí tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ pa. Nínú 100 ẹni tó lo ramipril, nǹkan bí 15 ni. Ẹ ó rí i pé 15 ṣì pọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí rẹ̀ pa oògùn ṣúgà tì. Ìfúnpá àwọn tó lo ramipril nínú ìwádìí náà kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, síbẹ̀ ọkàn jàǹfààní, àwọn onímọ̀ sì jiyàn gan-an lórí ohun tó fà á.

Bàbá Káyọ̀dé:
Ọmọ mi, èmi náà lò ó. Ikọ́ gbígbẹ dé, kò sì jẹ́ kí n sùn lóru. Dókítà pààrọ̀ rẹ̀ sí losartan, ikọ́ náà sì lọ. Kí bàbá má kàn dá a dúró fúnra wọn o.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ikọ́ yẹn máa ń ṣe àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni kí ètè, ahọ́n tàbí ojú wú: tí ó bá ṣẹlẹ̀, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má sì lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án rárá.

Àbíkẹ́ Ọ̀yọ́:
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ṣé àyẹ̀wò kan wà tí kí n bèèrè fún?

Apòògùn Abẹ́òkúta:
Ó wà. Kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti potásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn náà. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn àti àgbo tí bàbá ń lò sínú ìwé, kí ẹ sì mú un dání lọ bá dókítà.