Ẹ̀jẹ̀ ń kán ní èékánná ológbò mi

Ìyá Àdùkẹ́, London: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Èékánná kẹta tí mo gé fún ológbò wa lálẹ́ yìí ni ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ó sì ti sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣé kí n ṣì gé ìyókù, pàápàá èyí tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, tí kì í kan ilẹ̀, tó sì ti ń ká bọ̀ wá sínú ẹran?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má fà á jáde tipátipá. Bó bá ti gbà kí ẹ fọwọ́ kan òun, ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ sójú ibẹ̀, kí ẹ fi òwú tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó ṣe èmi náà rí: èékánná tèmi dúdú, n kò rí ẹran pupa tí iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, mo sì gé e kàn án. Odidi oṣù mẹ́ta ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun. Ṣóńṣó nìkan ni mo ń gé báyìí, mo sì ń fi nǹkan bíi mìlímítà 2 sílẹ̀ kí n tó dé ibi ẹran pupa náà.

Bàbá Ọlá, Houston: Ẹ di ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú bí ìyá rẹ̀ ṣe ń gbé e ní kékeré, kò ní lè mira.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má bínú sà, n kò fara mọ́ ọn. Ọmọ ológbò ni ìyẹn wà fún. Ẹ̀rù ló ń mú àgbà ológbò dákẹ́, kì í ṣe ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ fi tówẹ̀lì wé e, kí ẹ yọ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo jáde, kí ẹ rọra tẹ ọmọ ìka rẹ̀, èékánná á yọ fúnra rẹ̀.

Bàbá Ọlá: Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń di tèmi bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Bísí, Toronto: Bàbá, ọjọ́ tí mo dì í bẹ́ẹ̀ ló ya mí lọ́wọ́, àpá náà ò tíì parẹ́. Èékánná 18 ló ní, méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan tó, nígbà tó bá ń tòògbé. Èyí tó bá sì ti gún ẹran, dókítà ẹran ni kó fọwọ́ kàn án.

Bàbá Ọlá: Òtútù ló há ológbò London àti Toronto mọ́lé. Tiwa ní Houston ń gun igi.

Àǹtí Bísí: Ẹ rán mi létí ológbò ìyá mi àgbà l'Abẹ́òkúta. Ara igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé ló ti ń họ èékánná rẹ̀ láràárọ̀, kí a tó gbálẹ̀. Ojú ilé ń ro mí o.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ̀jẹ̀ ti dá, ẹ ṣeun gan-an ni. Èyí tó ń ká yìí ńkọ́? N kò mọ̀ bóyá ó ti gún ẹran, nítorí irun bò ó.

Bàbá Ọlá: Àǹtí Bísí, apá ibo l'Abẹ́òkúta? Ìtokò ni èmi náà dàgbà sí.